Bí Odi Arọ́bà Ṣe Pé Ìhà Mẹ́rin

Ọba Adégúnwà, tí ilẹ̀ ń mì bó bá wúkọ́, ránṣẹ́ sí ìlú kékeré Arọ́bà pé kí wọ́n wó odi ìlú wọn kí ọjọ́ mẹ́sàn-án tó pé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun yóò wá wó o mọ́ wọn lórí. Ọdẹ méje péré ni Baálẹ̀ Ọ̀jẹ́wùmí ní, méjì nínú wọn kò sì ríran dáadáa. Ló bá ránṣẹ́ sí ìlú mẹ́ta tó múlé tì í, tí àwọn náà ń bẹ̀rù Adégúnwà: “Ẹ wá gba ìhà kọ̀ọ̀kan odi wa, kí ẹ fi ọdẹ yín ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wa, gbogbo wa ló fọwọ́ kàn.” Wọ́n dé kíá. Ìhà kẹrin, tó kọjú sí Adégúnwà, ni Baálẹ̀ wó lulẹ̀. Nígbà tí Adégúnwà dé tòun ti igba ọkùnrin, ọkọ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, ó bá ìbọn ìlú mẹ́ta lórí odi. Baálẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja: “Kábíyèsí, a ti wó tiwa bí ẹ ṣe wí. Ìhà mẹ́ta tó kù kì í ṣe tiwa mọ́. Ẹ bi àwọn onílé lókè yẹn. Àbí ìhà kẹrin lẹ̀yin náà wá bá wa mọ, tí ẹ fi kó ọkọ́ wá?” Adégúnwà wo ìbọn, ó wúkọ́, ilẹ̀ kò mì. Ó ní, “Kí la tún wá ṣe bí kò ṣe ìyẹn?” Ìhà kẹrin yẹn ló nípọn jù lára odi Arọ́bà títí dòní.