Ọgbà Ara Ògiri

Ká sòótọ́, kò sí ẹni tó mọ ọgbà í ṣe tó Ṣówándé ní abúlé Ìsàlẹ̀-Odò. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló yá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Lọ́dún tí ọ̀dá jó gbogbo oko, èbù iṣu tí Efúnyẹmí ìyàwó rẹ̀ jogún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù fún wọn láti gbìn. Obìnrin náà kó wọn jọ sí etí odò níbi tí wọn yóò gbìn wọ́n sí, ó sì bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó bá òun ṣọgbà yí wọn ká.

Ṣówándé ò kọ́kọ́ gé ọparun kankan. Èédú ló mú, ó ya ọgbà náà tán pátá sára ògiri ilé: iye òpó, iye okùn, ọjọ́ tí wọn yóò so orí rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọn yóò so ìdí rẹ̀. Ó pe àwọn ará abúlé wá wò ó, ó ní ohun tí kò bá sí lára ògiri yìí kò gbọdọ̀ sí lára ọgbà. Wọ́n yìn ín, orí rẹ̀ wú.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀, Efúnyẹmí rí i pé ilẹ̀ jìn níbì kan, ọparun ò sì kanlẹ̀ níbẹ̀. Ihò náà ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó ní kí àwọn ki ẹ̀gún bọ̀ ọ́ ná, tó bá di ọ̀la àwọn a tún un ṣe. Ọkọ rẹ̀ ta kú. Ó ní ọjọ́ ìdí kò tíì pé, àti pé ta ló rí ẹ̀gún lára ògiri? Abo ẹlẹ́dẹ̀ aládùúgbò kan tiẹ̀ ti ń fi imú tú ibẹ̀. Ṣówándé fi òkò lé e, ó rẹ́rìn-ín.

Ojoojúmọ́ ni ẹlẹ́dẹ̀ náà ń padà wá. Lọ́jọ́ kẹrin, Ṣówándé rí i pé ihò ti gba orí ẹlẹ́dẹ̀ náà. Ẹ̀gún wà nítòsí o, àdá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tì í láti fi ẹ̀gún lẹ ọgbà tó ti fọ́nnu lé lórí. Ńṣe ló ń fẹ̀yìn ti ibẹ̀ bí èèyàn bá ń kọjá.

Nígbà tí ọjọ́ ìdí pé, àwọn ará abúlé gbé okùn àti ọkọ́ wá láàárọ̀, kí wọ́n so ìdí ọgbà, kí wọ́n sì bá wọn gbin iṣu. Ọgbà dúró ṣánṣán, bíi ti ara ògiri gẹ́lẹ́. Ẹlẹ́dẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ mẹ́fà sùn sí àárín rẹ̀, wọ́n yó. Èèpo èbù ló kù nílẹ̀.

Efúnyẹmí mú èèpo kan nílẹ̀, ó nù ún mọ́ aṣọ rẹ̀.

“Baba Àìná, ọjọ́ wo lẹ ti rí i pé ihò yìí ń fẹ̀?” ló bi ọkọ rẹ̀.

Ṣówándé ìbá fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. “Láti ọjọ́ kẹrin,” ló wí. “Mo fi ẹ̀yìn mi bò ó.”

Àgbàlagbà kan ní kò yé òun bí odidi ẹlẹ́dẹ̀ ṣe gba ihò tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ṣówándé ti ń gé ẹ̀gún, ó ń kì í bọ ẹnu ihò ọgbà tó ti ṣófo. Ẹnikẹ́ni ò fi í rẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an ló sì dùn ún jù. Kò gbójú sókè tó fi dáhùn.

“Imú nìkan ló kọ́kọ́ kì bọ̀ ọ́, Baba.”

Lẹ́nu ọkùnrin tí ojú tì yẹn ni àwọn àgbà ti gbà á, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.