Ihò Tí Bàbá Àjàgbé Dá sí Ilé Ère

Ní ìlú Òkèyá láyé àtijọ́, Oyèbọ́lá ni ó ń ṣọ́ ilé tí wọ́n kó ère igi àwọn baba ńlá ìlú sí, tí tọmọdé tàgbà máa ń wá wò nígbà ọdún. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti gba iṣẹ́ náà, kò sì fẹ́ràn ohun mìíràn láyé tó o. Àmọ́ ọyẹ́ kò jẹ́ kó gbádùn. Bí ọyẹ́ bá ti dé, igi a gbẹ, ère a sán. Oyèbọ́lá fi amọ̀ dí gbogbo fèrèsé pa, ilé wá gbóná bí ààrò, ère sì ń sán sí i. Ọba ní bí ẹyọ kan bá tún sán kí ọdún tó dé, kí ó gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

Ló bá ránṣẹ́ pe Bàbá Àjàgbé, mọlémọlé àgbà. Bàbá dé, kò fọwọ́ kan ògiri. Iná ló dá sínú àpáàdì, ó jókòó ti èéfín, ó ń wo ibi tó ń lọ, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀.

“Ọ̀rẹ́ mi, ibo lo fẹ́ gbà jáde?”

Àwọn ará ìlú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá lu ihò sí ìsàlẹ̀ ògiri, ní ọ̀gangan ibi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀! Ó tún gòkè lọ ṣí orí òrùlé. Oyèbọ́lá figbe ta.

“Yéè, mo gbé! Bàbá, ọ̀tá tí mo tìlẹ̀kùn mọ́ lẹ wá ń ṣílẹ̀kùn fún?”

“Fara balẹ̀, ọmọ mi. Ní kí Abẹ́ní amọ̀kòkò gbé àmù mẹ́fà wá, kí ẹ pọnmi kún wọn.”

Abẹ́ní, ọ̀rẹ́ Oyèbọ́lá, gbé àmù dé, ó bá a níbi tó ti ń fi ìbínú rìn síwá sẹ́yìn. Ipò ìyá rẹ̀ ti ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ayé. Ó ti lanu láti pe bàbá ní wèrè, “wè” ti jáde, “rè” ló kù, ni Abẹ́ní bá fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

“Gbé e mì! Àmù tí mò ń mọ, ṣé kì í làágùn ni? Ṣebí òógùn yẹn ló ń mú omi inú rẹ̀ tutù lọ́sàn-án gangan. Afẹ́fẹ́ tó bá gba ara rẹ̀ kọjá, ṣé yóò tún gbóná tàbí kó gbẹ mọ́? Ihò òkè ni ooru yóò sì bá lọ.”

Oyèbọ́lá fúnra rẹ̀ ló pọnmi kún àwọn àmù náà. Wọ́n to àmù sẹ́nu ihò. Kí oòrùn tó kan àtàrí, afẹ́fẹ́ tútù ti ń rọra wọlé, ooru ń bá òrùlé jáde, láìsí ẹni tó ń ju abẹ̀bẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ère kankan kò sán mọ́, inú Oyèbọ́lá sì dùn dé góńgó.

Ọjọ́ ọdún pé, èrò wọlé, wọn kò fẹ́ jáde mọ́. Kábíyèsí gan-an sùn lọ lórí ìjókòó, wọ́n ń hanrun! Oyèbọ́lá lọ kúnlẹ̀ fún Bàbá Àjàgbé.

“Ẹ foríjì mí, bàbá. Orúkọ kan wà lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn, Abẹ́ní ni kò jẹ́ kí n pè yín bẹ́ẹ̀.”

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. “Mo kúkú gbọ́ ìdajì rẹ̀!”

Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti mú un, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.