Ẹ̀kúnwọ́ Ilẹ̀ Nínú Ike Omi

Ọkùnrin kan wà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilé-ìwé tí kò ní ilẹ̀. Jókòó dáadáa, Ìyá Mọ́rèniké, kí o gbé ojú kúrò lára àpò tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ìtàn mi kò gùn.

Àárín ìgboro ni ilé-ìwé náà wà. Wọ́n ti da sìmẹ́ńtì bo gbogbo àgbàlá rẹ̀, débi pé bí adìyẹ bá ní òun fẹ́ tan ilẹ̀ níbẹ̀, èékánná rẹ̀ ni yóò kán. Inú ìwé nìkan ni àwọn ọmọ ti ń rí ọkọ́ àti ebè. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé náà, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, wá pe olùkọ́ yìí, ó ní òun fẹ́ yọ iṣẹ́ àgbẹ̀ kúrò nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá sì yọ ọ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ olùkọ́ nìyẹn. Ó bẹ̀bẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́ pé ẹ̀fọ́ lè dàgbà nínú omi, láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀ rárá, bí èèyàn bá ti po oúnjẹ rẹ̀ mọ́ omi náà. Obìnrin náà wò ó títí. Ó ní kó gbìyànjú ẹ̀ wò, ṣùgbọ́n bí sáà yẹn bá parí tí òun kò rí ẹ̀fọ́, kó lọ wá ilé-ìwé tó ní ilẹ̀.

Ọmọ àgbẹ̀ ni olùkọ́ yìí, oko ló gbé dàgbà, kò sì gbin nǹkan kan sínú omi rí. Ó lọ hú ẹ̀fọ́ ṣọkọ kéékèèké nínú oko bàbá rẹ̀, ó fọ ilẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ wọn bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Òun àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kó ike ọ̀dà tó ti ṣófo jọ, wọ́n dá ihò sí ìdérí wọn, wọ́n bu omi sí i, wọ́n po ajílẹ̀ olómi mọ́ ọn. Wọ́n fi fóòmù wé ọrùn ṣọkọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi há ojú ihò kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kan omi.

Ha, àwọn ọmọ náà kò jẹ́ kó sinmi. Kí ni yóò di ẹ̀fọ́ mú tí kò fi ní ṣubú? Ẹnu wo ló fi ń mu omi? Bó bá jẹ́ pé ó lè wà láìsí ilẹ̀, kí ló ti ń wá nínú ilẹ̀ láti ọjọ́ yìí? Èyí tó mọ̀, ó dáhùn. Èyí tí kò mọ̀, ó ní kí àwọn jọ máa wò ó. Ó dùn mọ́ ọn, torí ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi í ní ìbéèrè ní kíláàsì yẹn. Ọ̀gá àgbà pàápàá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó ní kí wọ́n gbé ike kan wá sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì òun.

Kò pẹ́ tí ṣọkọ fi rọ. Ewé wọn wálẹ̀ bí etí ewúrẹ́ tí òjò pa. Ọmọbìnrin kan tẹjú mọ́ wọn, ó ní, "Tíṣà, ṣé àárò ilẹ̀ ló ń sọ wọ́n ni?"

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá a délé. Ó rántí bí ojú òun náà ti rí nígbà tó kọ́kọ́ ti abúlé wọ ìgboro, àánú àwọn ẹ̀fọ́ náà sì ṣe é. Ó bu erùpẹ̀ ilẹ̀ oko bàbá rẹ̀ sínú ọ̀rá. Nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ sílé, ó ń lọ láti ike dé ike, ó ń da ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀ sínú omi, ó ń kí wọn pẹ̀lẹ́. Má rẹ́rìn-ín, o ò sàn jù ú lọ.

Ike kan ṣoṣo ni kò bu ilẹ̀ sí, èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ojú ló tì í. Ó mọ̀ pé obìnrin yẹn yóò bi òun pé, àbí ìwọ kọ́ lo ní o ò nílò ilẹ̀?

Omi inú àwọn ike tó kù di dúdú, ó sì ń rùn. Bí ṣọkọ ṣe ń rọ sí i, bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ ń bu ilẹ̀ kún un. Ìgbà tí wọ́n ń wó lulẹ̀ ni ọ̀gá àgbà ránṣẹ́ pè é. Ó gbà pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó ń lọ, àwọn ọmọ ń tẹ̀ lé e.

Nígbà tó débẹ̀, ṣọkọ obìnrin náà nàró, ó ń dán. Ọ̀gá àgbà ṣí ìdérí. Gbòǹgbò tó ti oko wá ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ti kú. Lókè rẹ̀, òmíràn ti yọ, funfun, tín-ín-rín bí òwú, ó pọ̀ lọ wọnú omi. Obìnrin náà béèrè pé kí ni funfun yìí. Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ti ike náà, ó tẹjú mọ́ ọn. Ọmọbìnrin tó sọ̀rọ̀ àárò yẹn náà ló tún béèrè ìdí tí èyí tí àwọn ń tọ́jú kò fi ní funfun, tí èyí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn wá ní in.

Ìgbà yẹn ló yé e. Gbòǹgbò tí ẹ̀fọ́ fi ń gbé inú ilẹ̀ kọ́ ló fi ń gbé inú omi. Ti ilẹ̀ ní láti kú kí ti omi tó yọ, àárín méjèèjì sì ni ewé ti máa ń rọ. Wọ́n ti ń pààrọ̀ ẹsẹ̀, ilẹ̀ tí òun ń bù sí i ló ba omi wọn jẹ́ tí kò jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ tán.

"Èmi ni mo bu ilẹ̀ sí ti àwọn yòókù, mà," ó wí. "Àánú wọn ló ṣe mí."

Obìnrin náà ní kó lọ dà wọ́n nù, kó bẹ̀rẹ̀ padà, kó sì fi àánú yẹn sílé. Ó fọ àwọn ike, ó gbin òmíràn. Wọ́n tún rọ. Ọwọ́ ń yún un láti bu ilẹ̀, ó ki ọwọ́ náà bọ àpò ṣòkòtò. Àwọn ọmọ ń sáré wá láràárọ̀, kálukú fẹ́ kọ́kọ́ rí funfun. Kí sáà tó parí, wọ́n já ṣọkọ. Ọ̀gá àgbà gbé tirẹ̀ lọ sílé, ó sè é jẹ, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ mọ́ pé wọ́n fẹ́ yọ iṣẹ́ àgbẹ̀.

Ìyá Mọ́rèniké, ìwọ ni mò ń bá wí. Ọmọ rẹ wọ ilé-ìwé àwọn nọ́ọ̀sì, inú gbogbo wa dùn. Ó sunkún lórí fóònù, o gbé kúlà ọbẹ̀, o wọkọ̀. Ó tún sunkún, o lọ mú un wá sùn sílé. Gbogbo Sátidé ni. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń mọ ara wọn, ìwọ lo jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì. O wá ń bi mí pé kí ló dé tí ibẹ̀ kò mọ́ ọn lára. Má wò mí bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní kí o pa á tì. Owó ilé-ìwé àti owó oúnjẹ, omi rẹ̀ nìyẹn, má jẹ́ kó gbẹ. Máa pè é. Bó bá jẹ́ àìsàn ni, gbéra lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹkún àárò, jẹ́ kó sun ún tán. Ewé tó rọ kò tíì kú.

Ọ̀la ni Sátidé. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ni mo ti rí àpò tí o dì fún un sẹ́nu ọ̀nà yẹn. Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ilẹ̀ ni. Dìde, kí o lọ tú u.