Ilé Tí Kò Lórùlé ní Òkè-Apá

"Olóòótọ́ ìlú ni ìkà ìlú." Ẹ ti gbọ́ òwe yìí rí, bóyá ẹ tilẹ̀ ti pa á fún ẹlòmíràn. Ṣé ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Bàbá mi ló sọ ọ́ fún mi, n kò sì gbàgbé.

Láyé àtijọ́, odi ló ń dáàbò bo ìlú Òkè-Apá. Olóyè Jayéọlá ló ń darí àwọn tó ń mọ ọ́n. Akínlàbí ni ọba yàn láti máa yẹ iṣẹ́ wọn wò. Kí ẹ̀rù má baà bà á, gbogbo ìlú búra pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan olùyẹ̀wò odi, kò gbọdọ̀ lé e nílùú, kò gbọdọ̀ gba oko rẹ̀. Òfin tó dára ni. Ìkíni nìkan ni wọn kò rántí fi sí i.

Lọ́dún kan, Akínlàbí fi ọ̀pá irin gún odi ní apá odò. Ọ̀pá wọlé bí ìgbà tí a fi ọ̀bẹ gún ẹ̀kọ. Nígbà tó fà á yọ, koríko ló bá a jáde. Jayéọlá ti kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí oko iṣu tirẹ̀, ó wá ní kí wọ́n fi koríko dí inú odi. Akínlàbí gbé ọ̀pá náà lọ síwájú ọba.

"Ṣé ìwọ nìkan lo lójú nílùú yìí ni?" Jayéọlá bi í.

"Ẹ̀yin náà lójú, Bàbá," ni Akínlàbí dáhùn. "Ọ̀pá yìí ni kò mojú ẹnì kankan."

Ọba rọ Jayéọlá lóyè, ó sì ní kí gbogbo ilé jáde wá tún odi mọ. Àkókò iṣu gbígbìn ni. Ṣé ẹ rò pé Jayéọlá ni wọ́n bínú sí? Rárá o. Akínlàbí ni wọ́n ń pè ní ìkà.

Wọ́n pa òfin mọ́. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n bó bá kí wọn, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe àáró fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ìjì ṣí òrùlé rẹ̀, ó bẹ ọ̀wẹ̀ kí wọ́n wá bá a bo ilé. Ó gún iyán, ó tẹ́ ẹní mẹ́fà sábẹ́ igi, ó jókòó. Oòrùn yọ, ó kan àtàrí, ó rọ̀. Iyán gbẹ sínú ọpọ́n. Ẹnì kan kò wá.

Arìnrìn-àjò kan ló ń kọjá lọ. Ó bi ìyá àgbà tó ń gbálẹ̀ ní òdìkejì:

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkà wo ló ń gbé ilé tí kò lórùlé yìí, tí ẹnì kan kò fi wá bá a bò ó?"

Ìyá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kì í ṣe ìkà, ọmọ mi. Olóòótọ́ ìlú wa ni."

"Háà! Lọ́dọ̀ tiyín, olóòótọ́ ìlú ni ìkà ìlú nìyẹn?"

Ìyá yára yí padà. Ó mú ìgbálẹ̀ rẹ̀ wọlé. Akínlàbí gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti abẹ́ igi.

"Àlejò," ó pè é, "ẹ yà, ẹ wá jẹun. Oúnjẹ pọ̀."

Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe, bí ẹnì kan bá tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́ nítorí ire gbogbo ìlú, tí àwọn tó gbà là wá kẹ̀yìn sí i. Odi yẹn kò wó. Inú rẹ̀ ni àwọn tí kò dá Akínlàbí lóhùn ti bímọ, tí wọ́n sì darúgbó. Bàbá mi fi agbo ilé àwọn ọmọ wọn hàn mí, títí di òní, n kò kí wọn.