Gbúre Tí Ìjàpá Pè Ní Koríko

"Bàbá Mojírọ̀lá, ẹ bá mi pa àlọ́ fún àwọn ọmọ ọgbà. Mo ti ṣèlérí fún wọn."

Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó mi bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Òun ló ń kọ́ yín ní iṣẹ́ oko nínú ọgbà ilé ìwé yìí. Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ má tẹ ebè.

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀ ọ̀!

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó fẹsẹ̀ kọ ebè, ó ṣubú lu Ìjàpá ọkọ Yánníbo, àti ewébẹ̀ kan tí kì í dúró de ẹni tí yóò gbìn ín.

Nígbà kan, àwọn ẹranko kọ́ ilé ìwé fún àwọn ọmọ wọn, wọ́n sì dá ọgbà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni tíṣà. Gbúre ni wọ́n gbìn jù. Àwọn ọmọ ń ro ó, àwọn aládùúgbò ń já a sebẹ̀. Òfin kan ló wà níbẹ̀: ẹni tó bá wá já ewé gbọ́dọ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní ohun kan. Ìyá Ẹtu, arúgbó tí eyín rẹ̀ ti tán, kò lè jẹ nǹkan mìíràn ju gbúre náà lọ. Ó máa ń kọ́ wọn bí a ṣe ń mọ̀ pé òjò ń bọ̀.

Ìjàpá kò gbá ọkọ́ mú rí. Yánníbo ìyàwó rẹ̀ ló gbin gbúre díẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Ìjàpá ṣọgbà yí i ká. Ó ní bí gbúre ilé ìwé bá run, oko òun ni gbogbo ìlú yóò máa wá ro kí wọ́n tó rí ọbẹ̀ sè.

Ó dúró di ọjọ́ tí Ọ̀kẹ́rẹ́ rìnrìn àjò, ó sì lọ bá àwọn ọmọ nínú ọgbà.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Ìjàpá. Kí lẹ fẹ́ kọ́ wa lónìí?"

"Kí lẹ gbìn síbí yìí ná?"

"Gbúre ni, sà."

"Gbúre kọ́! Koríko ni! Ta ló kọ́ yín níṣẹ́ oko?"

"Tíṣà Ọ̀kẹ́rẹ́ ni."

"Orí igi ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbé. Kí ló mọ̀ nípa ilẹ̀?"

Ọmọ Ehoro kan kò gbà. "Ìyá Ẹtu ń jẹ ẹ́, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan."

"Eyín wọn dà?"

Gbogbo wọn fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ fà á tu. Ẹ jù ú jìnnà!"

Wọ́n fà á tu. Wọ́n jù ú sójú ọ̀nà, wọ́n jù ú sórí ààtàn, wọ́n jù ú sí ẹ̀yìn ilé kálukú. Ilẹ̀ ọgbà mọ́ féfé.

Ní ọjọ́ kẹta, ebi lé Ìyá Ẹtu dé ilé Ìjàpá.

"Ìjàpá, ọmọ mi, fún mi léwé díẹ̀."

"Ẹ kọ́kọ́ ro ebè mẹ́wàá, ìyá."

"O ò rí ẹ̀yìn mi tó ti tẹ̀?"

"Òun ló dáa fún oko. Ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ mọ́."

Ìyá Ẹtu mú ọkọ́. Kò tíì ro ebè kejì tán tí òjò fi dé. Ó rọ̀ fún odindi ọjọ́ méjì.

Ìjàpá kò mọ ohun tí gbogbo ọmọ àgbẹ̀ mọ̀. Gbúre tí a fà tu kì í tètè kú. Bí omi bá ti kàn án, á ta gbòǹgbò. Ó hù lójú ọ̀nà, ó hù lórí ààtàn, ó hù lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Ẹtu gan-an. Ta ló tún kù tí yóò wá ro oko Ìjàpá?

Ọ̀kẹ́rẹ́ dé. Wọ́n ránṣẹ́ pe Ìjàpá.

"Ṣé ìwọ lo pè é ní koríko?"

"Èmi ni, ṣùgbọ́n..."

"Ó dáa. Ìwọ ni kí o máa fà á."

Bó bá fà á níhìn-ín, tó jù ú sọ́hùn-ún, ọ̀hún náà ni yóò ti hù. Àwọn ọmọ a sì máa ké tẹ̀lé e: "Bàbá Ìjàpá, koríko yín ti hù níbí o!"

Ìdí nìyí tí gbúre fi ń hù lẹ́yìnkùlé ẹni tí kò gbìn ín, tí Ìjàpá sì ń na ọrùn kiri inú koríko títí dòní.

Ibi tí àlọ́ mi sọ ọkọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá purọ́, kí ẹ̀pà mi má ta. Bí n kò bá purọ́, kí ó ta yanturu.

"Bàbá, ṣé Ìjàpá ti fà á tán?"

Kò tíì tán.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, Bàbá? Kí lẹ ò tíì ṣe tán?"

Mi ò tíì gbé bàtà ìyàwó mi kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò tíì tú àpótí rẹ̀. Mi ò tíì fi ìkòkò rẹ̀ dáná. Mi ò tíì sọ fún àbúrò rẹ̀ tó wà ní Kánò. Mi ò tíì sunkún.