Ọlọ́dẹ Méjì Lẹ́nu Ọ̀nà Kan

Ọlọ́dẹ méjì kì í ṣọ́ ilẹ̀kùn kan, kí onílé má sùn síta. A máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, a sì máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ilé tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀?

Ní Ìlá ni. Mọrẹ́nikẹ́ àti Akínwándé ọkọ rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Fọlásayọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní Kánádà, wọn kò sì rí físà gbà. Fóònù ọwọ́ wọn kì í gbé àwòrán, nítorí náà, inú kọ̀ǹpútà ilé ni wọn yóò ti wo ọmọ wọn, ibẹ̀ náà ni wọn yóò ti wúre fún un.

Àwọn méjèèjì ti gbọ́ ìròyìn àwọn gbájúẹ̀ tó ń gba inú kọ̀ǹpútà wọlé onílé. Ní ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó, Akínwándé gbé ètò ààbò kan tó ń jẹ́ Asà sórí ẹ̀rọ náà. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀, kí àyà rẹ̀ má baà já. Mọrẹ́nikẹ́ náà gbé òmíràn tó ń jẹ́ Olùṣọ́ sí i. Òun náà kò sọ, nítorí ó dá a lójú pé ọkọ òun kì í bìkítà fún ọ̀rọ̀ olè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Mọrẹ́nikẹ́ wé gèlè, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Íńtánẹ́ẹ̀tì kọ̀, kò wọlé. Akínwándé yọ wáyà àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó tún dá a padà sí i. Ó bú àwọn tó ń tà á fún wọn títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ iná àpótí náà ń tàn kedere. Mọrẹ́nikẹ́ ló wá ka ohun tó hàn ní igun ojú ẹ̀rọ: Asà ti mú Olùṣọ́ bí olè, Olùṣọ́ náà ti mú Asà, àwọn méjèèjì sì ti ti gbogbo ọ̀nà pa.

"Bàbá Sayọ̀, ta ló gbé Asà wá síbí?"

"Èmi ni. Olùṣọ́ ńkọ́?"

"Èmi ni. Ẹ yọ tiyín kúrò."

"Tèmi ló kọ́kọ́ dé. Yọ tìrẹ."

Orí ìyẹn ni wọ́n wà nígbà tí Fọlásayọ̀ ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó yá, ojú ti Mọrẹ́nikẹ́, ó yọ Olùṣọ́. Akínwándé kò fẹ́ kí ìyàwó òun nìkan jẹ́ ọlọ́gbọ́n, ló bá yọ Asà náà. Wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n tún tàn án, íńtánẹ́ẹ̀tì sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Wọ́n ti fi òrùka bọ Fọlásayọ̀ lọ́wọ́, wọ́n ti gé kéèkì, àwọn àlejò ń jẹun. Ó kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀rọ tirẹ̀ lọ́hùn-ún tòun ti aṣọ funfun.

"Màámi, a retí yín títí. Ẹ wúre fún mi."

Omijé bọ́ lójú Mọrẹ́nikẹ́. "Ìwọ àti ọkọ rẹ yóò jọ dàgbà. Ohun tí ẹnì kan bá fẹ́ ṣe nínú ilé yín, Ọlọ́run yóò jẹ́ kó sọ fún ẹnì kejì."

Àmín Akínwándé ló ròkè jù.

Nítorí náà, bí àgbà bá rí tọkọtaya, tàbí àwọn tó jọ ń ṣòwò, tí oníkálukú ń dá ṣọ́ ohun kan náà láìfọ̀rọ̀ lọ ara wọn, títí ohun náà fi bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọn a ní ọlọ́dẹ méjì kì í ṣọ́ ilẹ̀kùn kan, kí onílé má sùn síta. Ní ti olè, kò tíì sí èyí tó gbọ́ pé ilé náà wà.