Orúkọ Tí Ọba Ìdí-Àpẹ Yàn

Ọba Ìdí-Àpẹ fẹ́ràn eré Akínjagunlà orí tẹlifíṣọ̀n débi pé ó pàṣẹ pé gbogbo ọmọkùnrin tí wọ́n bá bí nílùú gbọ́dọ̀ jẹ́ Akínjagunlà. Ẹni tó bá kọ̀ yóò kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ìbídùn bí ọmọkùnrin lẹ́yìn ikú bàbá tirẹ̀, Babátúndé ló sì fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọba fúnra rẹ̀ wá jókòó síbi ìkómọ. Ìbídùn kúnlẹ̀, ó fi oyin kan ọmọ lẹ́nu. “Kábíyèsí, orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Gbogbo ohun tí Akínjagunlà ṣe nínú eré, kí ọmọ mi ṣe é nílùú yìí. Ẹ bá wa ṣe àṣẹ sí i.” Ọba lanu láti ṣe é, ṣùgbọ́n Ìbídùn kò tíì parí ọ̀rọ̀. “Ṣé ẹ wo ìparí eré náà, àbí oorun tún gbé yín lọ? Akínjagunlà lé ọba ìlú rẹ̀ kúrò láàfin, ó sì gba adé rẹ̀ dé.” Ọba panu dé. “Kí lo kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ́?” “Babátúndé ni, Kábíyèsí.” “Àṣẹ!” ni ọba kígbe.